Igi olódòdó ilẹ̀ òkèèrè: èwo ló máa tanná ní Ìlọrin àti Gúúsù Kwara?

Àjíkẹ́ Ọ̀fà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ní ìbéèrè kan. Àbúrò mi ọkùnrin wà ní Scotland. Láti ìgbà tí òtútù ibẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ ló ti ń fi fọ́tò igi dá mi lágara: igi tí kò ní ewé kankan lára, òdòdó ló bò ó láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ó ní ọ̀kan ń jẹ́ cherry, èkejì ń jẹ́ magnolia. A ń parí ilé wa lọ́wọ́ ní ọ̀nà tó jáde sí Èrìn-Ilé, iwájú rẹ̀ sì ṣófo gbayawu. Igi tí ẹni tó wà lórí ọ̀kadà máa yí ọrùn wò ni mo ń wá. Àbúrò mi ní òun lè kó èso rẹ̀ bọ̀ bí òun bá ń bọ̀ wá ṣe Iléyá. Ṣé ó máa hù níbí? Bí kò bá ní hù, kí ni kí n gbìn dípò rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n gbin mèláínà o. Mo ti rí mèláínà tó láyé mi.

Ọmọ Gáà Àkàǹbí
Máńgòrò ni kí ẹ gbìn, àǹtí. Ó ń tanná, ó tún ń so. Fọ́tò ò ṣe é jẹ.

Àjíkẹ́ Ọ̀fà
Máńgòrò ti kún ẹ̀yìnkùlé. Òdòdó ni mo sọ.

Tíṣà Òmù-Àrán
Àǹtí Àjíkẹ́, ẹ kú iná owó ilé. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ fi ẹsẹ̀ ire wọ̀ ọ́. Cherry yẹn lè hù o, ṣùgbọ́n kò ní tanná fún yín.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Nígbà tí ewé cherry bá wọ́ tán, ìrudi òdòdó ọdún tó ń bọ̀ ti wà lára ẹ̀ka, àmọ́ oorun ló ń sùn. Òtútù ló ń jí i, òtútù tó lọ sísàlẹ̀ ìwọ̀n 7 tàbí bẹ́ẹ̀ lórí Celsius. Òtútù òru ọjọ́ kan kò tó o. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún wákàtí rẹ̀. Àwọn kan ń fẹ́ tó 1,000 wákàtí kí wọ́n tó gbà pé òtútù ti kọjá lóòótọ́. Ọyẹ́ tiwa, bó ti wù kó le tó, tí ètè ń là, tí a ń wọ súwẹ́tà lọ kírun àárọ̀, kì í sábà lọ sísàlẹ̀ 15, bó bá sì di ọ̀sán oòrùn á ti tún gbé e kọjá 30. Cherry á kàn máa yọ ewé tí kò dá ṣáká, ọdún á máa gorí ọdún. Ohun kan náà ló ń ṣe igi ápù tí àwọn èèyàn ń fi kóró inú rẹ̀ gbìn káàkiri, tí wọ́n wá ń ní ayé ló ń ṣe é.

Ṣùgbọ́n kí igi wọ́wé kó tó tanná kì í ṣe iṣẹ́ igi òyìnbó nìkan. Àwọn igi ilẹ̀ olóoru ń ṣe é, ọ̀gbẹlẹ̀ ni wọ́n sì ń fi mọ àkókò. Òjò á dá ní nǹkan bí oṣù kọkànlá, ilẹ̀ á gbẹ, ewé á wọ́, òdòdó á sì jáde kí òjò tó padà ní oṣù kẹrin. Nítorí náà, igikígi tí ẹ bá rí lórí fọ́tò, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tó ń jí i: ṣé òtútù ni àbí ọ̀gbẹlẹ̀? Ti ọ̀gbẹlẹ̀ ni kí ẹ mú. Ọ̀gbẹlẹ̀ la ní, ó sì pọ̀ lọ́wọ́ wa.

Ẹ̀gbọ́n Tanke
Tíṣà ti sọ ọ́. Mo dìbò fún flamboyant, èyí tí àwọn ará Abẹ́òkúta ń pè ní páńsẹ́kẹ́. Madagascar ló ti wá, ó sì ti bá wa gbé débi pé ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ilé wa ló ti wá. Láti oṣù kẹrin dé ìkẹfà, kò sí igi tó pupa tó o ní gbogbo Ìlọrin.

Àmọ́ ẹ má gbìn ín mọ́ ilé. Gbòǹgbò rẹ̀ kì í wọ ilẹ̀ lọ. Òkè ilẹ̀ ló ń tẹ̀ lé, ó sì máa ń wú. Ilé kan wà ládùúgbò wa tí wọ́n gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ sọ́kàwéè. Ní báyìí, ọgbà bílọ́ọ̀kù ti là láti òkè délẹ̀, kọnkéré ojú sọ́kàwéè sì ti yọ gọngọ. Onílé ò fẹ́ gé igi nítorí pé abẹ́ rẹ̀ ni ọkọ̀ rẹ̀ ń dúró sí. Ẹ fi ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà sí àárín rẹ̀ àti ohunkóhun tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì kọ́. Ẹ gbójú sókè wo wáyà NEPA pẹ̀lú, torí ó ń fẹ̀ ju bó ti ń ga lọ, ẹ̀ka rẹ̀ kò sì le. Ìjì tó ń ṣáájú òjò àkọ́rọ̀ máa ń dá a.

Èso rẹ̀ ò ṣòro, inú èèpo gígùn yẹn ló wà, ó ń ró ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ tó bá ti gbẹ. Ṣùgbọ́n èèpo ara èso le bí òkúta, omi kì í wọ̀ ọ́. Ẹ fi fáìlì ha ẹ̀gbẹ́ kan títí funfun inú rẹ̀ yóò fi yọjú, tàbí kí ẹ da omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná lé e, kó wà níbẹ̀ mọ́jú. Láàárọ̀, ẹ ó rí i pé àwọn kan ti wú ní ìlọ́po méjì. Àwọn yẹn ni kí ẹ gbìn. Èyí tí kò wú, ẹ tún un ha.

Alhaja Ọjà-Ọba
Àsàlámù alékúm, gbogbo ilé. Èmi gbé Kàdúná dáadáa kí n tó padà wálé. Jacaranda ibẹ̀ ò kúrò lójú mi. Òdòdó aláwọ̀ àlùkò ló máa ń tú sílẹ̀ títí, tí ẹ ò ní rí ọ̀dà ojú títì mọ́. Ṣé ìyẹn ò lè ṣe ní Ìlọrin ni?

Tíṣà Òmù-Àrán
Alhaja, wa alékúmù sàlámù. Ó lè ṣe, àmọ́ ẹ ó fara balẹ̀. Ìhà gúúsù Amẹ́ríkà ni jacaranda ti wá, Argentina àti Bolivia, níbi tí ìgbà kan nínú ọdún ti tutù, tó sì gbẹ. Ìdí nìyẹn tó fi mọ́ ọn lára ní Jos, Zaria àti Kàdúná, tó sì di gbajúmọ̀ ní Pretoria ní South Africa, tí wọ́n fi ń pe ìlú yẹn ní ìlú jacaranda. Bí ẹ bá gbé e lọ sí etí òkun níbi tí òjò kì í ti í dáwọ́ dúró pẹ́, ewé ló máa kún un lára, òdòdó á wá ṣọ̀wọ́n. Ìlọrin wà láàárín. Ọyẹ́ wa ń ràn án lọ́wọ́.

Ohun tí àwọn èèyàn ń ṣe tí kì í jẹ́ kó tanná ni pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ jù. Wọ́n á máa fi họ́ọ̀sì bomi rin ín ní gbogbo ọ̀gbẹlẹ̀, wọ́n á tún da ìgbẹ́ adìyẹ sí ìdí rẹ̀. Igi tó ń rí omi mu tó ń rí oúnjẹ jẹ, kí ló fẹ́ máa tanná sí? Ẹ bomi rin ín ní ọ̀gbẹlẹ̀ méjì àkọ́kọ́ kó má baà kú. Lẹ́yìn ìyẹn, bí òjò bá ti dá, ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé èso ni ẹ fi gbìn ín, ó lè tó ọdún méje, ó tún lè ju ọdún mẹ́wàá lọ, kí ẹ tó rí òdòdó. Èyí tí wọ́n bá ti fi ẹ̀ka igi tó ń tanná lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Gáà Àkàǹbí
Ọdún mẹ́wàá! Ọmọ tí a bí lónìí á ti wà ní praimárì fáìfù.

Alhaja Ọjà-Ọba
Gbìn ín ná, ìwọ ọmọ yìí. Ọdún mẹ́wàá yẹn ń bọ̀, o gbìn ín o, o ò gbìn ín o.

Àlàbí Leeds
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọmọ Ìgbájà ni mí, Leeds ni mo ń gbé. Ẹ bá mi sọ fún àbúrò àǹtí Àjíkẹ́ pé kó fi èso cherry sílẹ̀ síbi tó wà. Wàhálà tiwa níbí ni òdìkejì tiyín: àwa ń wá igi tó máa rántí ilé fún wa, nínú òtútù tí kì í mọ ẹni tó wá láti ibi tó gbóná. Mo máa sọ ohun tí mo mọ̀, bóyá ó máa wúlò fún òun níbẹ̀ ju bó ṣe máa wúlò fún wa nílé.

Flamboyant ò ṣe é gbìn síta níbí. Ìrì dídì òru kan ti tó láti pa á. Inú ìkòkò lẹ́bàá fèrèsé ló lè gbé, ewé ni ẹ ó sì máa wò. Ṣùgbọ́n ìbátan ayùnré wa kan wà tí wọ́n ń pè ní Albizia julibrissin, ilẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti Iran lọ dé ìlà oòrùn Asia. Ewé rẹ̀ ń pa dé lálẹ́, òdòdó rẹ̀ jẹ́ okùn wẹ́wẹ́ aláwọ̀ pínǹkì. Òtútù nìkan kọ́ ni ìṣòro rẹ̀ níbí; ooru ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wa ni kì í tó o láti tanná. Ìdí ògiri bíríkì tó kọjú sí gúúsù ni kó gbìn ín sí. Ògiri yẹn á gba oòrùn ọ̀sán pamọ́, á máa yọ ọ́ fún igi náà lóru.

Bó bá lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta igi, kó wo páálí kékeré tó wà lára ìkòkò. Á rí H àti nọ́ńbà, èyí tó ń sọ bí igi náà ṣe lè fara da òtútù tó. Royal Horticultural Society, ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú ọgbà níbí, ló ṣètò rẹ̀, láti H1 dé H7. H3 kò lè kọjá nǹkan bí ìwọ̀n 5 sísàlẹ̀ òdo, H4 lè dé 10 sísàlẹ̀ òdo, H5 dé 15. Fún ọ̀pọ̀ ibi ní Scotland, kó wá H5 sókè. Àyàfi bó bá ń gbé létí òkun níhà ìwọ̀ oòrùn, torí omi òkun tó ń ṣàn gba ibẹ̀ kọjá lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọgbà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Inverewe, wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1862. Ó jìnnà sí àríwá ju Moscow lọ, síbẹ̀ igi láti Chile, Australia àti New Zealand ń hù nínú rẹ̀. Kó lọ wò ó, á yà á lẹ́nu.

Magnolia tó ń ya fọ́tò rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ soulangeana. Ará Faransé kan tó ti ṣiṣẹ́ ológun rí, Étienne Soulange-Bodin, ló da irú méjì láti China pọ̀ lẹ́bàá Paris, èyí tó bí sì kọ́kọ́ tanná ní 1826. Igi yẹn kò bẹ̀rù òtútù, òdòdó rẹ̀ ló bẹ̀rù rẹ̀. Kó má gbìn ín síbi tí oòrùn àárọ̀ ti máa kọ́kọ́ bá a. Bí ìrì bá dì lé òdòdó lóru, tí oòrùn wá yọ sí i ní kíákíá, kó tó di ọ̀sán gbogbo rẹ̀ á ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Bó bá wà níbi tí yóò ti yọ́ díẹ̀díẹ̀, ó lè bọ́. Igi Paulownia náà rí bẹ́ẹ̀, òun tilẹ̀ le jù: ṣáájú òtútù ló ti ń yọ ìrudi, á wá fi í sílẹ̀ níhòòhò láti oṣù kẹwàá títí di oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún. Ọdún tí òtútù bá le, ewé ńláńlá rẹ̀ nìkan ni ẹ ó rí.

Òdòdó igi Embothrium láti Chile pupa dáadáa, òun ló sún mọ́ flamboyant jù lójú tèmi. Ilẹ̀ tó kan, tí kò ní ẹfun, ló fẹ́. Kò sì gbọdọ̀ rí ajílẹ̀ tí phosphate pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá bu NPK sí i ti fún un ní májèlé.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn kan kún un. Igi kan wà tó ń jẹ́ Davidia, ewé funfun méjì máa ń rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òdòdó rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní igi áńkáṣíìfù. Àlùfáà ará Faransé, Armand David, ló rí i ní China ní 1869. Ní 1899, iléeṣẹ́ Veitch tó ń ta igi ní England rán ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Ernest Wilson, lọ wá èso rẹ̀. Wọ́n ti fún un ní àpèjúwe ibi tí igi kan wà. Ó rìn, ó rìn, nígbà tó débẹ̀, kùkùté ló bá. Wọ́n ti gé e, pákó rẹ̀ ti wà lára ilé tuntun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kùkùté yẹn! Kó tó rí òmíràn, ó tún rin ọ̀nà jíjìn. Igi yẹn náà ń pẹ́ o, ó lè tó ogún ọdún láti inú èso. Èyí tí wọ́n ń pè ní Sonoma ló máa ń tètè tanná.

Ọmọ Gáà Àkàǹbí
Bó bá jẹ́ Kwara ni, èédú ni ìbá bá.

Ẹ̀gbọ́n Tanke
😂 Òtítọ́ ọ̀rọ̀. Yóò tiẹ̀ ti dé Èkó nínú àpò.

Ọmọ Àgíríìkì
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti èso òkè òkun tí wọ́n ní wọ́n máa kó sínú báàgì. Èso àti igi tó bá wọ orílẹ̀-èdè yìí gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí pé kò ní àrùn, láti ilẹ̀ tó ti ń bọ̀, àti ìwé ìyọ̀ǹda láti ọ̀dọ̀ NAQS, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ àrùn ohun ọ̀gbìn ní ẹnubodè wa. Erùpẹ̀ ìdí igi ló léwu jù, torí kòkòrò àti àrùn tí ojú ò rí ń bá a rìn. Ẹ ò nílò rẹ̀ ná. Gbogbo igi tí a ń dárúkọ fún Kwara ló wà ní Nàìjíríà. FRIN, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí igbó ní Jericho, Ìbàdàn, ń ta irúgbìn igi, àwọn tó ń ta fúláwà lẹ́bàá títì ní GRA náà sì ní díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ la ojú yín níwájú wọn. Flamboyant kékeré àti jacaranda kékeré jọra débi pé àwọn tó ń tà á pàápàá máa ń ṣì í mú, àwọn mìíràn sì mọ̀ọ́mọ̀. Ẹ wo ibi tí igi ewé ti sọ mọ́ ẹ̀ka. Ti jacaranda, ewé méjì máa ń yọ lójú kan náà, wọ́n á kọjú síra wọn. Ti flamboyant, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń yọ, ọ̀kan lápá ọ̀tún, tó bá ga díẹ̀ sí i òmíràn lápá òsì. Ẹ tún wo ẹnu ewé: ti jacaranda ní ewé wẹ́wẹ́ kan tó dá wà lórí ṣóńṣó, ó gùn ju àwọn yòókù lọ, ẹnu rẹ̀ mú. Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé ọ̀rá sókè kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Bí gbòǹgbò bá ti yọ jáde tó sì ti ń lọ́ yípo, igi yẹn ti pẹ́ jù nínú ọ̀rá. Ẹ mú èyí tó kéré jù ú lọ; á lé e bá.

Gbígbìn gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń padánù. Ní Ìlọrin títí dé Ọ̀fà, ẹ ò ní gbẹ́ ilẹ̀ jìnnà kí dígà tó kan yangí. Bí ẹ bá gbẹ́ kòtò kékeré sínú yangí, inú garawa ni ẹ gbin igi sí yẹn: nígbà òjò omi á dá dúró sí ìdí rẹ̀, nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ gbòǹgbò ò ní ríbi gbà. Kòtò ẹsẹ̀ bàtà méjì ní jíjìn ló kéré jù, kó fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá gbẹ́ ẹ tán, ẹ da kẹ́ẹ̀gì omi kan sínú rẹ̀. Bí omi bá ṣì wà níbẹ̀ láàárọ̀, ẹ fi dígà dá yangí ìsàlẹ̀ lu, tàbí kí ẹ wá ibòmíràn. Ẹ ya erùpẹ̀ òkè tó dúdú sọ́tọ̀, òun ni ẹ máa pò mọ́ ìgbẹ́ màlúù. Ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹrà, tó ti dúdú, tí kò rùn mọ́, ni kí ẹ lọ bẹ̀ wọ́n fún ní gáà Fúlàní. Tútù rẹ̀ á jó gbòǹgbò.

Ẹ má da igi gbígbẹ tàbí èèpo àgbàdo sínú kòtò pé ẹ ń kún un. Ikán lẹ ń pè wá jẹun. Eérú àti ewé dóńgóyárò tí ẹ gún ń lé wọn sẹ́yìn díẹ̀. Koríko gbígbẹ tí ẹ bá fi bo ìdí igi, ẹ jẹ́ kó jìnnà sí ara igi fúnra rẹ̀.

Àkókò: ẹ má gbìn ín sínú òjò àkọ́rọ̀. Àkọ́rọ̀ máa ń tanni. Ẹ dúró di oṣù kẹfà, nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, ẹ lu ihò kékeré sí ìdérí ike omi ńlá, ẹ gé ìdí ike yẹn, ẹ rì í sórí kodò lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi. Omi á máa kán lọ sí ìdí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, oòrùn ò ní fà á gbẹ. Kí oṣù kejìlá tó wọlé, ẹ ro àyíká rẹ̀ mọ́ gan-an, pàápàá ẹ̀yin tí ilẹ̀ yín wà lẹ́yìn ìlú. Iná tí àwọn ọdẹ ń dá sígbó nígbà ọyẹ́ kò mọ fúláwà yàtọ̀ sí koríko.

Ìyá Ìbejì Òró
Ẹ tún sọ ti ewúrẹ́. Èmi ò rí igi tí ewúrẹ́ ò lè pa.

Ọmọ Àgíríìkì
Mà, ọgbà ọparun ni, kó ga dé àyà yín, kó sì jìnnà sí igi débi tí ọrùn ewúrẹ́ ò ní lè dé e. Ẹni tó ní àyè kó fi ẹ̀ka àgúnmániyè ṣe ọgbà. Ẹ̀ka tí ẹ bá kàn gún mọ́lẹ̀ nígbà òjò máa ta gbòǹgbò, nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ á tún yọ òdòdó pínǹkì. Àlejò lòun náà, àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà ló ti wá.

Ìyá Ìbejì Òró
Ọmọ rere. Mo fẹ́ fi èyí kún un, nítorí ọmọ mi méjèèjì ń fi ohun gbogbo sẹ́nu: ẹ má fi olómi òjò ṣe ọgbà níbi tí ọmọdé ti ń ṣeré. Òdòdó yẹ́lò rẹ̀ wù mí, àmọ́ májèlé ni gbogbo ara rẹ̀, èso inú rẹ̀ ló burú jù. Ọkàn ló ń bá jà. Èso díẹ̀ lè pa ọmọ. Òdòdó oleander tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì náà ò yàtọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ yẹ́lò, ṣé kò sí òmíràn ni?

Tíṣà Òmù-Àrán
Ó wà, Ìyá Ìbejì, mo sì ti ń retí kí ẹnì kan béèrè. Cassia fistula. Láti India títí dé Thailand ni ilé rẹ̀. Òun ni òdòdó orílẹ̀-èdè Thailand. Nígbà tí ooru bá mú jù lọ́dún, láti nǹkan bí oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, tí gbogbo ohun mìíràn ti rọ, ìgbà náà ni yóò yọ òdòdó yẹ́lò tó rọ̀ wálẹ̀ gbọọrọ gbọọrọ bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sá sórí okùn. Lẹ́yìn náà á so èso dúdú gígùn roboto. Kì í tóbi bíi flamboyant, gbòǹgbò rẹ̀ kì í dá ilé láàmú, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ilé ti tó o. Èso rẹ̀ le, ẹ ṣe é bí Ẹ̀gbọ́n Tanke ṣe ní kí ẹ ṣe ti flamboyant. Kòkòrò tó ń di labalábá máa ń jẹ ewé rẹ̀ nígbà òjò, ẹ má bẹ̀rù, ó máa ń yọ òmíràn. Bí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ kan péré fún àgbàlá tí kò tóbi ní Kwara, òun ni màá mú.

Ẹ wo Bauhinia náà, ewé rẹ̀ pín sí méjì bíi ti àbàfẹ̀ wa torí pé ìbátan ni wọ́n. Ó ń tètè tanná.

Ohun kan tún ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí o. A ń wá igi òkèèrè, orúrù wà nígbó Igbómìnà lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn òyìnbó gbé orúrù lọ sí Hawaii àti Fiji torí òdòdó rẹ̀ tó tóbi tó pupa, ó sì wù wọ́n títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í gba igbó mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó ti wà nínú 100 ẹ̀dá tó ń gba ilẹ̀ onílẹ̀ tí IUCN, àjọ àgbáyé tó ń dáàbò bo àwọn ẹ̀dá, tò sílẹ̀. Níbí, ojúmọ́ kan ò mọ́ kí ẹnì kan má gé e dànù. Àwa tí a dàgbà lóko, ìrudi rẹ̀ tí omi kún inú rẹ̀ la fi ń ta omi síra wa lójú. Ológun ṣẹ́ṣẹ́ náà wà. Kò ga, ara rẹ̀ lẹ́gùn-ún, ṣùgbọ́n nínú ọyẹ́, nígbà tí kò sí ewé kan lára rẹ̀, ẹ wá wo pupa rẹ̀. Bí ọlọ́kadà kò bá yí ọrùn wo ìyẹn, ẹ̀fọ́rí ló ń ṣe é.

Ẹ̀gbọ́n Tanke
Tíṣà, ológun ṣẹ́ṣẹ́ kọ́. Ẹni tó kọ́ ilé tuntun ò fẹ́ kí àlejò wọlé kó ní "háà, igi àgbo."

Tíṣà Òmù-Àrán
Kí àlejò náà bu èèpo rẹ̀ lọ. Ilé tó ń tọ́jú ìlú ni.

Àlàbí Leeds
Tíṣà ò tíì purọ́. Bí mo bá lè gbin orúrù síta níbí, mi ò ní wá òmíràn.

Àjíkẹ́ Ọ̀fà
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti fi ọ̀rọ̀ Àlàbí ránṣẹ́ sí àbúrò mi, ó ní òun ń lọ wo Inverewe. Ohun tí mo fẹ́ ṣe nìyí: Cassia ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì géètì, flamboyant ní kọ̀ọ̀nà ilẹ̀ tó jìnnà sí ilé àti sí wáyà, ológun ṣẹ́ṣẹ́ lẹ́bàá ọgbà (Ẹ̀gbọ́n Tanke, ẹ má bínú). Jacaranda, màá gbin ẹyọ kan, màá sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ bí Tíṣà ṣe wí. Ṣùgbọ́n ohun kan ń dà mí láàmú: ṣebí gbogbo wọn ló ń pẹ́? Kí ni màá máa wò láàárín ìgbà yẹn?

Alhaja Ọjà-Ọba
Frangipani. Ẹ̀ka lẹ fi ń gbìn ín, ó sì lè tanná lọ́dún kejì. Ẹ̀ka tó nípọn, tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀, ni kí ẹ gé, ẹ wá fi í síbi ìbòòji fún bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kí ojú ibi tí ẹ gé gbẹ dáadáa. Bí ẹ bá fi tútù rẹ̀ gún ilẹ̀, jíjẹrà ló máa jẹrà. Lẹ́yìn tí ẹ bá gbìn ín, ẹ má da omi lù ú títí yóò fi yọ ewé. Oje funfun rẹ̀ ń yún ara, ẹ má jẹ́ kó kan ojú.

Tèmi ti fẹ́ bo ojú fèrèsé, màá gé e lójọ́ Sátidé yìí. Funfun wà, pínǹkì wà. Ẹni tó bá fẹ́ kó kọ sí mi ní inbox. Àjíkẹ́, ọlọ́kọ̀ Ọ̀fà ni mo máa fi tìrẹ rán. Ìwọ ló máa sanwó ẹrù o.

Ọmọ Gáà Àkàǹbí
Alhaja, mo fẹ́ pínǹkì. Ẹ̀yìn máńgòrò ni màá gbìn ín sí.